Ṣé irọ́ ni àmín tí mo ń ṣe?

Eléjẹ̀ Olaiya béèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé, bí mo bá sì sọ ọ́ nílé, ìyá mi á kó wòlíì jọ lé mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí tí wọn ò ti mọ ojú mi.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe, ní láàbù kékeré kan tí kò jìnnà sí oríta Olaiya, níbí ní Òṣogbo. Ibà, táífọ́ọ̀dù, oyún, jẹnotáìpù, gbogbo ẹ̀ la ń ṣe. Sátidé ni àwọn àfẹ́sọ́nà máa ń wá, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí kì í so wọ́n pọ̀ mọ́ láìrí ìwé jẹnotáìpù. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí wọ́n fi ń dúró títí aṣọ ẹbí á fi délé télọ̀ kí wọ́n tó béèrè ìwé. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ẹni méjì kan wá ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. AS ni ọkùnrin, AS ni obìnrin, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ kálukú wọn ní A kan tó dára àti S kan tó ní àléébù. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS, àìsàn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kò túmọ̀ sí pé tí ẹ bá bí mẹ́rin, ọ̀kan á kó o, mẹ́ta á bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń jó ijó tirẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n padà dé. Wọ́n ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè àdúrà, wòlíì sì ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti yí padà. Ó ní kí wọ́n wá tún un yẹ̀ wò kí wọ́n lè fi jẹ́rìí.

Mi ò bá wọn jiyàn. Mo fa ẹ̀jẹ̀, mo fi omi iyọ̀ ṣan án, mo fọ́ ọ, mo fi tín-ín-tín rẹ̀ lé orí bébà funfun ọ̀hún, mo wá fi ti ẹnì kan tí mo ti mọ̀ pé AS ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ojú má baà tàn mí. Obìnrin náà ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i." Mo gbé àpótí fún un kó jókòó ti ẹ̀rọ. Mo tan án.

Iná mànàmáná ló ń lé ẹ̀jẹ̀ lórí bébà yẹn. A ló ń yára, òun ló máa ń ṣíwájú. S á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n jí láàárọ̀ Mọ́ńdè. AA, ìlà pupa kan níwájú. SS, ìlà kan lẹ́yìn. AS, ìlà méjì. A jókòó bí ogún ìṣẹ́jú, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn mi kí iná má lọ. Ẹ má bi mí pé ta ni mò ń bẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo la kọ́kọ́ rí. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í là bí ojú rírán tó ń tú. Obìnrin náà ló sọ ọ́ jáde, èmi kọ́: "Ó ti di méjì."

Ọkùnrin náà ní ká gbàdúrà. Ó gbọ́wọ́ lé káńtà, ó gbàdúrà fún ara wọn, ó gbàdúrà fún èmi náà pé kí Ọlọ́run máa fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ mi. Mo ṣe àmín. Àmín tó dún dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mi ò gbà mọ́ pé ẹnì kan wà lókè tó ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá mi bí, àwa mẹ́ta ló kù. Àwọn mẹ́ta tó lọ ń jẹ́ Málọmọ́, Dúrójayé àti Kásìmáawòó. Ẹ lè fọkàn yàwòrán orúkọ tèmi. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Málọmọ́ máa ń wú, ojú rẹ̀ á sì pọ́n bíi ti oníbà pọ́njú. Nígbà tó kú, wọ́n fi abẹ sàmì sí i létí kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Àbíkú ni gbogbo àdúgbò pè wá, àwọn kan sì ní ìyàálé ìyá mi ló wà nídìí ẹ̀, torí ọmọ tirẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yè. Ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni mo yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá mi wò: AS. Èmi náà AS. Bàbá mi ti kú, mi ò rí tirẹ̀ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí tó mi.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Láti 1910 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, James Herrick, ti kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé tó rí nínú maikiroskóòpù. Ní 1949, Linus Pauling àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi iná lé ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ yìí, wọ́n sì rí ibi tí àléébù náà wà. Málọmọ́ wáyé ní 1979. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ayé fi mọ ohun tó máa pa á kí wọ́n tó bí i, kò sí ẹni tó sọ fún ìyá mi.

Ní 2023, Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy. Wọ́n á kó irúgbìn ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde, wọ́n á fi CRISPR, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé àbùdá, gé ibì kan nínú rẹ̀ kí ara tún lè máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún, wọ́n á fi oògùn líle pa èyí tó kù nínú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n á wá dá a padà sára. Mílíọ̀nù méjì ó lé ní igba ẹgbẹ̀rún dọ́là ni iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ bá mi sọ ọ́ di náírà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ìbéèrè mi: ṣé irọ́ ni àmín tí mo ń ṣe? Àti pé lọ́jọ́ tí ìtọ́jú yẹn bá dé Òṣogbo, tó di bí ẹni ń gba abẹ́rẹ́ ibà, ṣé àwọn èèyàn á ṣì máa gun òkè àdúrà?

Tíṣà Àgbà:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Àwọn tó máa bú ọ á dé láìpẹ́, jẹ́ kí n tètè ṣáájú wọn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní báọ́lọ́jì, mo sì ti lọ sí Mẹ́kà. Láàárọ̀ mo máa ń kọ́ wọn bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, lọ́sàn-án mo máa ń ṣíwájú ìrun ní mọ́sáláṣí ilé ìwé. Ọmọ kan bi mí lọ́jọ́ kan pé èwo ni mo gbà gbọ́ nínú méjèèjì. Mo ní kó lọ kọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Mi ò ní ìdáhùn lọ́jọ́ náà ni.

O ò sọ ìdí tí S fi pọ̀ láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ní 1954, Anthony Allison, ọmọ òyìnbó tó dàgbà sí Kẹ́ńyà, fi hàn pé ibà kì í tètè rí ọmọ tó jẹ́ AS pa. Ibi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí ni S dúró sí, torí àwọn tó ní ẹyọ kan rẹ̀ ń yè, wọ́n sì ń bímọ. Ẹ̀jẹ̀ tó pa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdajì rẹ̀ ló dá ọ sí. Ẹnì kan á rí ọwọ́ Ọlọ́run níbẹ̀, ẹnì kan á rí ẹ̀fọn. Èmi ń rí méjèèjì, mi ò kàn lè fi ọ̀kan hàn ọ́ lórí bébà.

Ní ti ìbéèrè kejì, jẹ́ kí n sọ ìtàn. Nílé ìyá mi àgbà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ Ṣànpọ̀nná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olóde là ń pè é. Ẹni tó bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀ ní gbangba, ẹrù òkú sì di ti àwọn àwòrò. Dókítà kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, Oguntola Sapara, ló dọ́gbọ́n wọ ẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ Èkó, tó tú u fó pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ara aláìsàn ran àwọn ẹlòmíì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ẹgbẹ́ náà. Èmi gba abẹ́rẹ́ tèmi ní kékeré, àpá rẹ̀ wà ní apá òsì mi bí owó kọ́bọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fìka tẹ̀ ẹ́. Sòmálíà ni wọ́n ti rí ẹni ìkẹyìn tí àrùn náà mú fúnra rẹ̀, ní 1977. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parẹ́.

Àrùn lọ. Òrìṣà ńkọ́? Wọ́n ṣì ń bọ Ọbalúayé ní Kúbà àti ní Bràsíl, láàárín àwọn ọmọ tí kò rí ìgbóná rí láyé wọn. Nítorí náà, bí Casgevy bá di abẹ́rẹ́ ogún náírà, òkè àdúrà á ṣì kún. Wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ fún físà.

Àmín? Ká ní o sọ ìlà méjì di ẹyọ kan kí inú ọmọbìnrin yẹn lè dùn, irọ́ nìyẹn.

Màmá Aládìrẹ:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kú àríyànjiyàn. Mi ò kàwé tó Alhaji. Àdìrẹ ni mò ń tà, mo nísọ̀ ní Ayégbajú. Ọmọbìnrin mi pé ọdún mọ́kàndínlógún lóṣù tó kọjá. SS ni.

Nígbà tí ìrora bá dé láago méjì òru, tó ń ké pé kí n gé ẹsẹ̀ òun kúrò lára òun, èmi ò mọ Herrick, èmi ò mọ wòlíì. Omi ni mò ń fún un mu, mo fi aṣọ tó móoru wé e, mo ń gbálẹ̀kùn ọlọ́kadà tó ń gbé lójúlé kejì. Lórí ọ̀kadà yẹn, tí mo fi ọmọ há àárín, ni mo ti ń pe Jésù. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń ṣe pọ̀, ẹ má bá mi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Pásítọ̀ kan ní kí n dá folic acid àti Paludrine tó ń dènà ibà dúró nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, pé lílo oògùn ni àìnígbàgbọ́. Mo dá a dúró. Kò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ tí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù, tí ètè rẹ̀ funfun bí ẹ̀fun. Mo kúrò lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Mi ò kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àwọn tó wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ mìíràn ni, èyí tí mo wà dòní. Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi bo ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú gèlè.

Èyí tí wọ́n ń sọ ní Amẹ́ríkà yẹn, ọmọ mi ló kà á fún mi lórí fóònù. Victoria Gray ni obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún níbẹ̀ nítorí àrùn yìí, ní 2019, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ará Mississippi. Nígbà tí wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2023, níwájú àwọn onísáyẹ́ǹsì gan-an, ó ní Ọlọ́run àti sáyẹ́ǹsì lè jọ gbé pọ̀. Ẹni tó jẹ ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Bọ̀dá Eléjẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ àmín sílẹ̀ ná. Kí lẹ sọ fún ọmọbìnrin yẹn lẹ́yìn àdúrà? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀.

Ọmọ Ọjà Ọba:

Iná dé o! Ẹ lọ ṣaájì kí ẹ tó máa jiyàn lọ.

Kódà:

Ẹ kú alẹ́ Alhaji, ẹ kú alẹ́ Màmá. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀wọ̀ takò yín díẹ̀.

Màmá, ẹ̀jẹ̀ tó wọ ara ọmọ yín, ara èèyàn ló ti jáde. Bí ẹgbẹ́ oníbọ́ọ̀lù bá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, á ṣiṣẹ́ bákan náà. Tai Solarin kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ó sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́, títí dòní àwọn òbí onígbàgbọ́ ń du àyè níbẹ̀ fún ọmọ wọn. Èèyàn lè dáa láìsí ẹni tó ń wò ó láti òkè.

Ohun tó ń bọ̀ sì ju ohun tí ẹ rò lọ. Ní 2024, wọ́n fún Demis Hassabis àti John Jumper lára ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì nítorí AlphaFold, ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń sọ bí purotéènì ṣe ká ara rẹ̀ jọ. Iṣẹ́ tí èèyàn lè fi ọdún bíi mélòó kan ṣe nígbà kan nìyẹn. Tí èmi bá dàgbà tó Alhaji, àwọn ọmọ á máa bi wá pé kí ló ń jẹ́ SS.

Ẹ tún gbọ́ àṣírí kan. Èmi ni mò ń bá pásítọ̀ àdúgbò wa fi ChatGPT kọ ìwàásù. Àmì ohùn Yorùbá ibẹ̀ kì í gún, èmi ni mò ń tún un fi sí i. Èmi aláìgbàgbọ́ ni mò ń bọ́ ìjọ láràárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n sì ń kígbe halelúyà! Nítorí náà Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí àmín yín jẹ́ àmín. Tèmi burú jù ú lọ.

Ọmọ Awo Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Kódà, o pa mí lẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé o ń retí kí n sọ pé inú Ifá ni wọ́n ti jí kọ̀ǹpútà. Mi ò ní sọ ọ́, ó ti sú mi lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Lóòótọ́, ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣí tàbí kó dé, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 256, iye kan náà tí báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà lè gbà. Ìṣirò ni, kò lólówó. Leibniz ará Jámánì gbé ìṣirò oókan àti òdo tirẹ̀ jáde ní 1703, òun náà sì rò pé Ọlọ́run ni oókan, asán ni òdo. Ṣé o rí i pé olùfọkànsìn ló wà nídìí ẹ̀rọ tí o fi ń bá wa jà.

Bàbá mi, bí àfẹ́sọ́nà bá wá dáfá, ìwé jẹnotáìpù ló kọ́kọ́ ń béèrè. Ó ní òun kì í yọ Ifá lẹ́nu lórí ohun tí láàbù ti sọ.

Àmọ́ ẹ̀rọ tí ẹ ń yìn yẹn, àwa ti rí i níbí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wa gólù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló sọ omi Ọ̀ṣun di bíi tíì oníwàrà. Igbó Ọ̀ṣun yìí ni Susanne Wenger, tí à ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, wá láti Austria wá dáàbò bò, tó fi ara jìn fún títí ó fi kú ní 2009. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rí ẹsẹ̀ mi nínú odò náà. Ní Oṣù Kẹjọ, bí Arugbá bá ti kọjá, ẹ wá wo àwọn èèyàn tó ń bu omi náà sí kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n ń fi fọ ojú ọmọ. Ìjọba ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún. Èmi ọmọ awo ni mo dúró ní bèbè, tí mò ń sọ fún ìyá arúgbó tó wá láti ọ̀nà jíjìn pé, "Ìyá, ẹ má mu ún o." Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?"

Nítorí náà mo mọ bó ṣe rí lẹ́nu rẹ, Eléjẹ̀.

Eléjẹ̀ Olaiya:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Alhaji, ìdajì tí ẹ sọ yẹn, mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ mo gba máàkì lórí ẹ̀ nílé ìwé.

Màmá, ìtàn ìyá mi ni mo sọ fún un. Ọkùnrin ti jáde lọ wá ọ̀kadà, obìnrin náà ṣì jókòó sórí àpótí. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ AS fún ìyá mi, mo fi ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa ṣe é lórí àwo, méjì lọ́dọ̀ ìyá, méjì lọ́dọ̀ bàbá. Ìyá mi tú wọn ká, ó tún wọn tò, ó tò wọ́n títí. Ó wá ní, "Kì í ṣe Ìyá Sùárà nígbà náà."

Ìyá Sùárà ni ìyàálé rẹ̀. Ogún ọdún ó lé ni ìyá mi ò fi jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti fọwọ́ kan ìkòkò wa, ìyá mi á fi eérú fọ̀ ọ́. Ó ti kú kí n tó wọ ilé ìwé gíga, ìyá mi ò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà bi mí pé kí ni ìyá mi ṣe. Mo sọ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ra epo gálọ́ọ̀nù kan àti iṣu márùn-ún, ó ní kí n wa òun lọ sí Ìkìrun, lọ́dọ̀ Sùárà. Bí a ṣe wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àádọ́rin ọdún, fún ọmọ orogún rẹ̀. Sùárà fò sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ dìde Màmá, kí la ṣe?" Ìyá mi ò dìde. Ó sọ ohun tó wá sọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún òkú, fún Sùárà, fún àwọn ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ wọn. Sùárà ń sunkún, kò lè lanu. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá náà tó lè ṣe àmín.